Asẹ́ spam àti àyè ímeèlì iléeṣẹ́ kékeré: èwo ni kí ẹ yàn?

Bí ímeèlì iléeṣẹ́ kékeré bá ń fa wàhálà, ẹjọ́ méjì ló sábà máa ń bá a wá. Ọ̀kan ni pé spam ti pọ̀ jù. Èkejì ni pé àpótí ti kún, oníbàárà sì ń pè lórí fóònù pé ìwé tí òun fi ránṣẹ́ ti padà sọ́wọ́ òun. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dá ẹjọ́ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: wọ́n á wá asẹ́ tó le sí i fún àkọ́kọ́, wọ́n á ra àyè kún àyè fún èkejì. Lójú tèmi, ẹjọ́ kan náà ni. Spam tí sáfà yín, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba ímeèlì fún yín, bá kọ̀ lẹ́nu ọ̀nà kò gba àyè kankan. Èyí tó bá ti wọlé, kódà bó jẹ́ inú fódà spam ló wà, ẹ̀yin lẹ ó máa sanwó àyè rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bi ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè méjì kí n tó yàn án: ibo ló ti ń dá ìdọ̀tí dúró, ta ló sì máa tètè mọ̀ bó bá ṣèèṣì dá ohun rere dúró?

Ká má baà máa sọ̀rọ̀ lófìfo, ẹ jẹ́ ká ronú nípa ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú l'Ékòó, àdúgbò tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti gbilẹ̀. Ká ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, wọ́n ní dómẹ́ìnì tó parí sí .com.ng, oníkálukú ní àdírẹ́sì tirẹ̀, wọ́n sì tún ní info àti accounts. Oníbàárà ń fi káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, báńnà àti ìwé ètò ìsìnkú ránṣẹ́ láàárọ̀ lálẹ́, fáìlì ńlá ńlá sì ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo sáfà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó máa pinnu nǹkan ju iye owó lọ.

## Ibi tí sáfà máa wà

| | Hosting alájọlò (cPanel) | Sáfà tara ẹni (VPS) | Ímeèlì àyálò (Google Workspace, Microsoft 365, Zoho) |
|---|---|---|---|
| Asẹ́ | SpamAssassin, ẹ lè yí máàkì rẹ̀ (iye tó fi ń díwọ̀n bí ìwé ṣe jọ spam tó) padà | Èyí tó bá wù yín, gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ yín | Tiwọn ni, ẹ lè fi òfin díẹ̀ kún un |
| Àyè | Wẹ́ẹ̀bù yín ń jẹ nínú rẹ̀ | Bí dísìkì bá ṣe tóbi tó | Ìwọ̀n wà fún orí kọ̀ọ̀kan |
| IP (nọ́ńbà sáfà lórí íntánẹ́ẹ̀tì) | Ẹ̀yin àti àwọn tẹ́ ò mọ̀ | Ẹ̀yin nìkan | Tiwọn |
| Ẹni tó ń jí lóru | Iléeṣẹ́ hosting | Ẹ̀yin | Àwọn |
| Owó | Ó kéré jù | Owó VPS àti owó ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ | Lóṣooṣù, fún orí kọ̀ọ̀kan |

Inú hosting alájọlò ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kékeré wà láìjẹ́ pé wọ́n yàn án. Ẹni tó bá wọn ṣe wẹ́ẹ̀bù ló ra hosting, ímeèlì sì bá a wá. Bí ilé alájọgbé ló rí: yàrá tiyín wà lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n géètì kan ṣoṣo ni gbogbo yín ń gbà. Bí wẹ́ẹ̀bù aládùúgbò bá ní ihò, tí àwọn olè gba ibẹ̀ da spam síta, IP tí gbogbo yín jọ ń lò ni Spamhaus, àwọn tó ń kọ IP tí spam ti ń jáde sílẹ̀, máa kọ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ínfọ́ìsì tiyín náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sínú fódà spam oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ẹ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Àyè ibẹ̀ náà ní ìdẹkùn. Dísìkì tí ímeèlì ń lò ni wẹ́ẹ̀bù ń lò. Bí info bá kún dé orí, fọ́ọ̀mù tí oníbàárà ń kọ nǹkan sí lórí wẹ́ẹ̀bù náà lè má lè fi ohunkóhun pamọ́ mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè ni ààlà iye fáìlì. Maildir ni ọ̀nà ìpamọ́ tí cPanel máa ń lò jù, nínú Maildir sì rèé, ímeèlì kọ̀ọ̀kan jẹ́ fáìlì kan lọ́tọ̀. Àwọn tó ń ta hosting sábà máa ń fi ààlà sí iye fáìlì, yàtọ̀ sí GB tí wọ́n fi polówó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún spam kéékèèké lè jẹ ààlà yẹn tán nígbà tí GB ṣì kù rẹpẹtẹ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè iye inode, ìyẹn iye fáìlì tí wọ́n gbà yín láyè láti ní.

Sáfà tara ẹni ló ní agbára jù, òun náà sì ni mo máa ń kìlọ̀ lé lórí jù. Postfix máa gba ìwé wọlé, Dovecot máa pa á mọ́, Rspamd máa sẹ́ ẹ, ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ ò bá fẹ́ fi ọwọ́ so wọ́n pọ̀, mailcow àti Mail-in-a-Box ti so wọ́n pọ̀ fún yín. mailcow wúwo: àwọn tó ṣe é ní kí RAM má dín sí 6 GB, torí ó kó ClamAV tó ń wá fáírọ́ọ̀sì àti ẹ̀rọ ìwákiri mọ́ra. Mail-in-a-Box kò béèrè tó ìyẹn rárá, SpamAssassin ló sì ń lò. Ó rọrùn fún ẹni tí kò fẹ́ máa tọ inú rẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ yí nǹkan padà nínú rẹ̀, ẹ máa rí i pé kò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó ra VPS, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá pọ́ọ̀tù 25 ṣí. AWS, Google Cloud àti DigitalOcean máa ń tì í pa látìbẹ̀rẹ̀, láìsí i sì rèé, sáfà yín kò lè fi ímeèlì ránṣẹ́ tààrà sí ti ẹlòmíì. Ẹ tún béèrè bóyá ẹ̀yin lẹ máa yan orúkọ PTR fún IP náà, ìyẹn orúkọ tí ẹni tó bá béèrè IP náà máa rí. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Google ti ní kí gbogbo ẹni tó ń ránṣẹ́ sí Gmail ní PTR tó bára mu, SPF (àkọsílẹ̀ àwọn sáfà tó láṣẹ láti fi orúkọ yín ránṣẹ́) tàbí DKIM (ìbuwọ́lù orí ìwé), àti TLS (ìdáàbòbò ọ̀nà tí ìwé ń gbà). Ẹni tó bá ń fi tó 5,000 ránṣẹ́ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní SPF, DKIM àti DMARC (tó ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí ìwé tó bá kùnà méjèèjì) pa pọ̀. Mo máa ń sọ fún iléeṣẹ́ kékeré pé kí wọ́n ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kódà bí wọn ò bá ránṣẹ́ ju ogún lọ lóòjọ́.

Àwọn kan máa ń fẹ́ gbé sáfà sí ọ́fíìsì gan-an kí ojú wọn lè tó o. Mi ò gbà. Ọ̀rọ̀ iná nìkan ti tó ìdí, ṣùgbọ́n ìdí tó tún le wà: Spamhaus ní àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní PBL, ibẹ̀ ni wọ́n kó irú IP tí wọ́n ń fún ilé àti fóònù sí. Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ náà ni kó sọ pé kò yẹ kí ímeèlì máa ti ibẹ̀ jáde tààrà. Ẹ lè ṣe gbogbo nǹkan bó ṣe yẹ, kí wọ́n ṣì kọ̀ yín lẹ́nu ọ̀nà.

Sáfà tó wà lókè òkun náà ní ewu tirẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ lábẹ́ òkun, íntánẹ́ẹ̀tì sì mẹ́hẹ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára wọn. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lè má rí ímeèlì yín kà, ṣùgbọ́n kò sọnù. Sáfà tó bá fẹ́ ránṣẹ́, tí kò rí sáfà kejì bá sọ̀rọ̀, á máa gbìyànjú. Postfix máa ń gbìyànjú fún ọjọ́ márùn-ún, bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà, kó tó dá ìwé náà padà fún ẹni tó kọ ọ́.

Ní ti ímeèlì àyálò, asẹ́ wọn dára ju ohun tí ẹnì kan lè dá kọ́, torí ìwé tí wọ́n ń rí lóòjọ́ pọ̀ kọjá kèrémí. Google Workspace Business Starter ń fún orí kọ̀ọ̀kan ní 30 GB, Gmail àti Drive sì jọ ń jẹ ẹ́. Microsoft ti pẹ́ tó ti ń fún àpótí kọ̀ọ̀kan ní 50 GB ó kéré tán nínú ètò iléeṣẹ́ kékeré, OneDrive wà lọ́tọ̀. Fún ilé ìtẹ̀wé, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré: ní Google, àwòrán tí ẹ kó sí Drive lè dín àyè ímeèlì kù, ní Microsoft, kò kàn án. Zoho ní ètò ọ̀fẹ́ fún iléeṣẹ́ tí èèyàn rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò ní IMAP (ọ̀nà tí áàpù ímeèlì mìíràn fi ń ka ìwé lórí sáfà), ojú wẹ́ẹ̀bù àti áàpù Zoho nìkan lẹ ti lè kà á. Àléébù àyálò ni owó. Bí wọ́n bá ń gba dọ́là, ohunkóhun tó bá ṣe náírà ló ṣe yín. Ẹni tó ti ń san irú owó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó dá náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 mọ ohun tí mò ń sọ.

Ibi tí mo dúró sí: iléeṣẹ́ tí kò ní ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti tọ́jú sáfà kò gbọ́dọ̀ ní sáfà tara ẹni. Ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú wa yìí, àyálò ni mo máa fún un. Ẹni mẹ́ta tí ínfọ́ìsì wọn kì í ju díẹ̀ lọ lóṣù lè máa lo hosting alájọlò, bí wọ́n bá ti mọ ọwọ́ tí wọ́n fi máa mú asẹ́ rẹ̀. Ilé tó ní ẹni tó mọ Linux, tí ẹni náà sì ní ìgbákejì bó bá lọ ìsinmi, ló yẹ kó ronú VPS.

## Kíkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, fódà spam, tàbí pípa rẹ́ ní kọ̀rọ̀

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù, torí ibẹ̀ ni ìpinnu tí kò dáa ti ń jẹ owó láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Nígbà tí sáfà kan bá fẹ́ kó ìwé fún tiyín, ìjíròrò ló máa ń wáyé láàárín wọn. Ó máa sọ orúkọ ara rẹ̀, ẹni tó kọ ìwé, ẹni tó kọ ọ́ sí, lẹ́yìn náà ló máa gbé ìwé náà kalẹ̀. Ní ibikíbi nínú ìjíròrò yìí, sáfà yín lè dáhùn pé òun ò gbà, nọ́ńbà 550 ló sì sábà máa ń fi sọ ọ́. Bí ẹ bá kọ̀ níbẹ̀, sáfà tó gbé e wá ló ní láti sọ fún ẹni tó kọ ọ́. Bó bá jẹ́ oníbàárà gidi ni, á rí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì pè yín. Bó bá jẹ́ onísọ̀ọ́sọ̀ọ́, ìyẹn ẹni tó ń da spam síta, ni, kò sí ẹni tó máa dá lóhùn. Ọwọ́ yín mọ́, dísìkì yín sì ṣófo.

Fódà spam yàtọ̀ sí ìyẹn. Sáfà yín ti gba ìwé, ẹni tó kọ ọ́ sì ti gbàgbọ́ pé ó dé. Bí ẹnikẹ́ni ò bá ṣí fódà náà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni oníbàárà máa bá pàdé, ó sì lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ fún ẹlòmíì láìbá yín sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, mi ò lè ní kí ẹ má lò ó, torí ìwé kan wà tí asẹ́ kò lè dá lójú. Ẹni tuntun tó ń béèrè iye tí báńnà jẹ́, tó fi líńkì méjì àti àwòrán mẹ́ta sí i, tí kò sì kọ ju ìlà kan lọ, jọ spam lójú ẹ̀rọ.

Pípa rẹ́ ní kọ̀rọ̀ ló burú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀, ẹ̀yin ò mọ̀, kò sì sí ibi tí ẹ lè wá a sí. Nínú cPanel, lójú ìwé Spam Filters, bọ́tìnnì kan wà tó ń pa spam rẹ́ fúnra rẹ̀ bó bá ti kọjá máàkì tí ẹ yàn. Àwọn tí àpótí wọn kún ló máa ń sáré tàn án. Mo bẹ̀ yín, ẹ pa á. Ẹ lo Spam Box tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa kó inú rẹ̀ dànù lásìkò.

Ọ̀nà kẹrin kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa lò: kí sáfà gba ìwé tán, kó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a padà fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Àwọn onísọ̀ọ́sọ̀ọ́ máa ń fi àdírẹ́sì ẹni ẹlẹ́ni sórí ìwé wọn. Èyí tí ẹ dá padà, ọ̀dọ̀ aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ló máa lọ, sáfà yín ló sì máa di onísọ̀ọ́sọ̀ọ́ lójú àwọn tó ń ṣọ́ íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí mo ṣe máa ń tò ó rèé. Ohun tó dájú pé spam ni, kíkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó ṣe iyèméjì, fódà. Rspamd ti tò ó bẹ́ẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín: láti máàkì 6 ló ń sàmì sí ìwé, tó bá di 15 ló ń kọ̀ ọ́. SpamAssassin ń sàmì láti 5, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kì í kọ ìwé, sáfà tó wà níwájú rẹ̀ lẹ máa sọ fún pé kó kọ ọ́. Ẹ má sọ 5 di 2 nítorí pé spam kan yọ́ wọlé lánàá. Bí ẹ bá gé máàkì náà sí 2, ínfọ́ìsì àti rìsíìtì á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ síbẹ̀.

Fódà náà ní láti ní ẹni tó ni ín. Ẹ yan èèyàn kan tí yóò máa yẹ fódà spam ti info àti ti accounts wò láràárọ̀ Ọjọ́ Ajé, kó kọ ọ́ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa kó èyí tó ti pẹ́ dànù. Gmail ń pa spam rẹ́ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un. Lórí Dovecot, ẹ lè fi autoexpunge sí fódà Junk àti Trash kó máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ sì pa catch-all, ìyẹn ètò tó ń gba ìwé fún orúkọ èyíkéyìí tí wọ́n bá kọ síwájú dómẹ́ìnì yín. Àwọn onísọ̀ọ́sọ̀ọ́ máa ń gbìyànjú orúkọ bíi sales, admin, hr, john, mary, lọ kánrin. Bí catch-all bá ṣí, gbogbo rẹ̀ ló máa wọlé. Bẹ́ẹ̀ kíkọ̀ ìwé tí wọ́n kọ sí ẹni tí kò sí ni iṣẹ́ tó rọrùn jù fún sáfà, kò tiẹ̀ ní wo inú ìwé náà rárá.

## SpamAssassin tàbí Rspamd

Bí ẹ bá wà lórí hosting alájọlò, wọ́n ti yàn fún yín. Bó bá jẹ́ tiyín ni, Rspamd ni mo máa yàn lónìí.

SpamAssassin ti wà láti ọdún 2001, èdè kọ̀ǹpútà Perl ni wọ́n fi kọ ọ́, abẹ́ Apache ló sì wà báyìí. Òfin rẹ̀ ṣeé kà, ìwé ìtọ́nisọ́nà rẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń kọ ìdí tó fi fún ìwé ní máàkì sórí ìwé náà gan-an. Ìyẹn wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó mú kí ínfọ́ìsì òun bọ́ sí spam. Èdè C ni wọ́n fi kọ Rspamd, ó yá ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, ó ní ojú wẹ́ẹ̀bù tirẹ̀ tí ẹ ti lè rí iye ìwé tó kọ̀, ó sì ń yẹ SPF, DKIM àti DMARC wò fúnra rẹ̀. Inú Redis, ìyẹn ibi ìpamọ́ détà kan, ló ń pa ìrántí rẹ̀ mọ́ sí. Ìyára rẹ̀ kan kíkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní tààrà: sáfà kejì ń dúró lórí ìlà ní gbogbo ìgbà tí asẹ́ ń ronú.

Méjèèjì ń kẹ́kọ̀ọ́ lára ìwé tiyín, ṣùgbọ́n wọn kì í bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀kọ́ náà títí wọ́n á fi rí 200 spam àti 200 ìwé rere. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kó spam fún un, tí wọ́n á gbàgbé ìwé rere. Ẹ mú 200 nínú àwọn ìwé tí oníbàárà yín ti kọ tẹ́lẹ̀ fún un kà. Èyí ṣe pàtàkì fún wa, torí ìwé wa kò jọ ti àwọn tó kọ asẹ́ náà: Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti Pidgin lè pàdé nínú ìlà kan, oníbàárà láti Kútọnu sì lè kọ Faransé. SpamAssassin ní ètò kan tó lè fi máàkì jẹ ìwé níyà nítorí èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Kì í ṣiṣẹ́ bí ẹnikẹ́ni ò bá tàn án. Ẹ rí i dájú pé kò sí ẹni tó tàn án, tó wá kọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan sí i.

Àkọsílẹ̀ IP bíi ti Spamhaus ló ń jẹ́ kí kíkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rọrùn. Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀: bí sáfà yín bá ń gba 8.8.8.8 (ẹ̀rọ Google tó ń bá gbogbo ayé wá àdírẹ́sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì) béèrè, Spamhaus kì í dáhùn ìbéèrè tó bá gba irú ọ̀nà gbogbogbòò bẹ́ẹ̀ wá. Ẹ máa rò pé asẹ́ ń ṣiṣẹ́, kò sì ṣiṣẹ́. Ẹ fi Unbound sórí sáfà náà kó máa dá béèrè fúnra rẹ̀, kí ẹ sì ka àdéhùn wọn lórí ìlò fún iṣẹ́ ajé.

Ní ti greylisting, èyí tó ń sọ fún sáfà tí kò mọ̀ rí pé kó padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́. Ó ń lé spam lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Postgrey, ètò kan tó ń ṣe é, máa ń dá ìwé dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán, bí báńkì bá sì fi OTP ránṣẹ́ sí accounts, nọ́ńbà náà lè ti kú kó tó dé. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lò ó, ẹ jẹ́ kó kan ìwé tó ti ṣe iyèméjì nìkan, bí Rspamd ṣe ń ṣe láti máàkì 4.

## Àyè: ẹ ka ẹ̀dà kí ẹ tó ra GB

Fáìlì tí ẹ bá so mọ́ ímeèlì máa ń sanra sí i ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, nítorí ọ̀nà tí wọ́n fi ń dì í. Àwòrán báńnà 15 MB á di 20 MB. Bí oníbàárà bá kọ ọ́ sí info, tí info sì ń pín in fún gbogbo òṣìṣẹ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, 200 MB ti lọ lórí iṣẹ́ ẹyọ kan. Bí ọ̀gá bá wá tún un dárí sí ẹni tó ń ṣe gíráfíìkì, ó tún di 20 MB lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan ní fódà Sent, ọ̀kan níbi tó lọ. Nítorí náà, láàárín kí info jẹ́ orúkọ tó ń pín ìwé àti kí ó jẹ́ àpótí kan ṣoṣo tí gbogbo yín jọ ń ṣí, èkejì ni kí ẹ yàn. Ẹ̀dà kan ló máa wà, ẹ sì máa rí ẹni tó ti dá oníbàárà lóhùn.

Ẹ wo ààlà títóbi ìwé náà. Postfix tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn kì í gba ohun tó ju nǹkan bí 10 MB lọ, nígbà tí Gmail gbà kí èèyàn fi tó 25 MB ránṣẹ́. Oníbàárà tó ń lo Gmail á so PDF 9 MB mọ́ ìwé, sáfà yín á kọ̀ ọ́, á sì rò pé ẹ̀yin lẹ ò gbọ́n. Ilé ìtẹ̀wé gbọ́dọ̀ gbé e dé 25 MB ó kéré tán. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, kí oníbàárà fi líńkì Drive tàbí OneDrive ránṣẹ́.

POP3 tàbí IMAP? POP3 ń kó ìwé kúrò lórí sáfà wá sórí kọ̀ǹpútà, àyè sáfà á sì máa fúyẹ́. Ó jọ ojútùú fún ẹni tó wà lórí hosting kékeré, títí tí láptọ́ọ̀pù ẹni tó ń tọ́jú accounts á fi bàjẹ́ tàbí tí olè á gbé e. IMAP ń jẹ́ kí fóònù àti kọ̀ǹpútà rí ohun kan náà, orí sáfà sì ni ìwé wà. IMAP ni kí ẹ lò. Ẹ kàn má pè é ní ẹ̀dà ààbò: ohun tí ẹnì kan bá pa rẹ́ lórí fóònù, ó ti pa rẹ́ níbi gbogbo.

Nínú Dovecot, ẹ lè yan Maildir tàbí mdbox. Mdbox ń kó ọ̀pọ̀ ìwé sínú fáìlì kan, ó ń dín inode kù, ṣùgbọ́n bí ìtọ́ka rẹ̀ bá bàjẹ́, àtúnṣe rẹ̀ le. Maildir ni fún iléeṣẹ́ kékeré, ẹnikẹ́ni tó bá mọ Linux díẹ̀ lè rí ìwé tó sọnù nínú rẹ̀. Dovecot tún lè fún ìwé pọ̀ kó má gba àyè. Ó dára fún ọ̀rọ̀ lásán, àmọ́ JPEG àti PDF ti wà ní fífúnpọ̀ tẹ́lẹ̀, ilé ìtẹ̀wé kò ní rí èrè púpọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí àpótí bá kún ńkọ́? Sáfà lè kọ ìwé tuntun pátápátá, tàbí kó ní kí wọ́n padà wá. Bí Dovecot ṣe wà, pátápátá ló ń kọ̀ ọ́. Quota_full_tempfail ló ń sọ ọ́ di ẹ padà wá. Bí ẹ bá ní ẹni tí ìkìlọ̀ máa dé sọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí àpótí bá dé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ ní kí wọ́n padà wá. Ẹ ní ọjọ́ díẹ̀ láti tún àyè ṣe, oníbàárà ò sì ní mọ̀. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀ ọ́ pátápátá kí oníbàárà lè tètè gbọ́. Ọjọ́ márùn-ún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ burú ju ìkọ̀sílẹ̀ lọ.

Ohun tí ẹ máa pa rẹ́ àti ohun tí ẹ máa tọ́jú, òfin ní ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀. CAMA 2020, òfin iléeṣẹ́ ní Nàìjíríà, ní kí iléeṣẹ́ tọ́jú àkọsílẹ̀ owó rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Òfin ààbò détà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ní kí ẹ má ṣe tọ́jú ọ̀rọ̀ nípa ara ẹlòmíì kọjá ìgbà tí ẹ nílò rẹ̀. Nítorí náà accounts ń lọ sí ìpamọ́ lọ́dọọdún: Thunderbird, áàpù ímeèlì orí kọ̀ǹpútà, lè kó ìwé ọdún tó kọjá kúrò lórí sáfà, ẹ fi ẹ̀dà méjì pamọ́ síbi méjì, kí ọ̀kan má sí ní ọ́fíìsì. Ìwé àwọn tó wá iṣẹ́ tí ẹ ò gbà, kí ẹ pa á rẹ́. Iṣẹ́ oníbàárà tó ti gba ẹrù rẹ̀ lọ, kí àwòrán náà wà lórí dísìkì iṣẹ́, kí àsomọ́ kúrò nínú ímeèlì.

## Spam tó ń ti ọ̀dọ̀ yín jáde

Ibikíbi tí ẹ bá yàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀nà kan wà tí gbogbo asẹ́ yìí ò fi ní ràn yín lọ́wọ́: kí ẹnì kan jí pásíwọ́ọ̀dù òṣìṣẹ́ yín, kó máa fi àdírẹ́sì yín ránṣẹ́. Ohun méjì ló máa ń ṣẹlẹ̀. Ó lè da ẹgbẹẹgbẹ̀rún spam síta lóru, kí IP àti dómẹ́ìnì yín bàjẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Tàbí kó jókòó jẹ́ẹ́ nínú accounts, kó máa ka ínfọ́ìsì, kó wá kọ sí oníbàárà yín pé nọ́ńbà àkáǹtì báńkì ti yí padà. Èkejì ló ń dùn mí jù, torí ojú yín ni oníbàárà máa wò.

Ní ti àyálò, ẹ tan ìfàṣẹsí ìpele méjì fún gbogbo èèyàn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀gá. Lórí VPS, ẹ fi fail2ban dá àwọn tó ń gbìyànjú pásíwọ́ọ̀dù dúró, kí ẹ sì fi ààlà sí iye ìwé tí àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan lè fi ránṣẹ́ ní wákàtí kan. Ilé ìtẹ̀wé tí kì í fi ju ọgọ́rùn-ún lọ ránṣẹ́ lóòjọ́ kò nílò ju ogójì lọ ní wákàtí. Lórí hosting alájọlò, ààlà ti wà, wọ́n kàn fẹ́ ga jù fún yín ni, ẹ ní kí wọ́n dín in kù fún dómẹ́ìnì tiyín.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn òfin ìdarí nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Olè tó ti wọlé sábà máa ń fi òfin kan síbẹ̀ tó ń fi ẹ̀dà ìwé ránṣẹ́ sí i, tàbí tó ń gbé èsì oníbàárà sínú fódà tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí. Yíyí pásíwọ́ọ̀dù padà kì í pa òfin náà rẹ́. Ọwọ́ lẹ máa fi yọ ọ́, nínú accounts ni kí ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀.